Ẹ Má Torí Títóbi Ra Òṣùwọ̀n Ọkọ̀

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn oníléeṣẹ́ gàrí, àwọn tó ń fọ́ òkúta àti àwọn tó ń ra èkùrọ́: pé òṣùwọ̀n ọkọ̀ tó bá lè gbé ẹrù tó wúwo jù ló dára jù. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ra òṣùwọ̀n yìí, tí wọ́n ń pè ní wéébíríìjì, ti tọ́ọ̀nù 100 ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Bí owó bá ṣẹ́ kù, á ní kí wọ́n gbé ti 120 wá. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, àgbẹ̀ àti oníléeṣẹ́ ló sì ń san owó rẹ̀.

Pèpéle irin tàbí kọnkéré tí ọkọ̀ ń gùn, orí load cell mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ló jókòó lé. Àwọn load cell yìí ló ń mọ bí ẹrù ṣe tẹ̀ wọ́n tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í ka kílò kọ̀ọ̀kan. Ṣe ló ń fò. Òṣùwọ̀n tọ́ọ̀nù 60 tí wọ́n pín sí ìgbésẹ̀ 3,000, kílò 20, kílò 20 ni nọ́ńbà rẹ̀ ń fò. Ọ̀pọ̀ nínú ti tọ́ọ̀nù 100, kílò 50, kílò 50 ni.

Ẹ fi ẹ̀gẹ́ ṣírò rẹ̀. Àgbẹ̀ kó tọ́ọ̀nù kan wá nínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀bù. Wọ́n wọn ọkọ̀ náà tòun tẹrù, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lófìfo. Lórí ẹ̀rọ tó ń fò ní kílò 50, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lè fi kílò 25 ga jù tàbí kó fi í rẹlẹ̀ jù. Méjèèjì lè para pọ̀ di kílò 50, ìyẹn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù náà! Òṣùwọ̀n kékeré tó gba tọ́ọ̀nù 6, tó ń fò ní kílò 2, kò ní jẹ́ kí àṣìṣe yẹn kọjá kílò 2.

Alágbẹ̀dẹ góòlù kì í fi òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran wọn góòlù.

Àwọn kan á ní ẹrù lè pọ̀ sí i lọ́la. Òótọ́ ni pé tírélà tó kó àpò sìmẹ́ǹtì 900 jáde níléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ti ru tọ́ọ̀nù 45 kí a tó ka ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ló yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba ẹrù ńlá àti kékeré lè ra èyí tó ń fò ní kílò 10 títí dé tọ́ọ̀nù 30, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní kílò 20 títí dé 60.

Ohun tó ń ba ìwọ̀n jẹ́ pọ̀ ju kíkéré ẹ̀rọ lọ. Bí pèpéle bá kúrú, tí wọ́n ń wọn iwájú tírélà kí wọ́n tó wọn ẹ̀yìn, bíréèkì, sípíríǹgì àti ilẹ̀ tó dagun á da ìṣirò rú. Bí òkúta bá há sáàárín pèpéle àti ògiri kòtò, ògiri á gbà lára ẹrù náà rù. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ á kún abẹ́ rẹ̀, àrá sì lè jó load cell níbi tí wọn kò ti ri wáyà mọ́lẹ̀ dáadáa. Títóbi kò wo èyíkéyìí nínú wọn sàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ ìwọ̀n ẹrù yín tó fúyẹ́ jù àti èyí tó wúwo jù sílẹ̀. Ẹ bi olùtajà pé kílò mélòó ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń fò, báwo ni pèpéle rẹ̀ ṣe gùn tó, ibo sì ni omi yóò gbà jáde. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fi èdìdì dì í kí ẹ tó fi ra ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olùtajà tí kò bá lè dáhùn àwọn ìbéèrè yìí, ẹ má ra ọjà rẹ̀.