Èdè àti Ìrònú Ẹ̀dá

Àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn onímọ̀ èdè. Benjamin Lee Whorf, ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní ọdún 1941, gbà pé bí èdè ẹni bá ti rí ni ìrònú ẹni ń rí. Àwọn mìíràn ní ọ̀kan náà ni ọgbọ́n orí gbogbo ènìyàn, ohùn ẹnu nìkan ni ó yàtọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọ̀. Pupa ni Yorùbá ń pe epo. Pupa náà ni ó ń pe gàrí tí a fi epo díẹ̀ sí. Ṣé ojú Yorùbá kò rí ìyàtọ̀ wọn ni? Ó rí i kedere. Àìlórúkọ kì í ṣe àìrí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Whorf kò ṣófo pátápátá. Ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè dárúkọ ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin láìsọ èyí tí ó dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì. Yorùbá a máa sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ó sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ohun tí èdè fi dandan lé ni ó yàtọ̀, kì í ṣe ohun tí ó lè sọ. Irọ́ ni, nígbà náà, pé Yorùbá kò lè gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1970, ni wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni èdè kan ṣoṣo kò dá ìmọ̀ ní.