Kí Ọyẹ́ Tó Wọlé, Ẹ Jẹ́ Ká Ṣí Ọ̀nà Ọjà Wa

  

Ẹni tó bá jí wá sọ́jà láàárọ̀ kùtù lásìkò yìí á ti mọ̀ pé òjò ń palẹ̀ mọ́. Ẹrẹ̀ tó wà níwájú ìsọ̀ wa láti oṣù kẹfà ti gbẹ, ó ti di eruku, eruku náà sì ti ń bà lé ọjà wa. Ọyẹ́ ló ń bọ̀ yẹn. Àwọn èèyàn wa tó ń ta òkìrìkà ti ń tú béèlì súwẹ́tà àti ìbora. Àwọn tó ń ta òrí àti ìpara ti ń to ọjà síwájú, torí wọ́n mọ̀ pé ètè àti gìgísẹ̀ ò ní pẹ́ máa là. Ẹ̀wà tuntun ti ń wọlé láti òkè ọya, ọsàn ti ń pọ̀, àgbálùmọ̀ náà ò ní pẹ́ yọjú. Àwọn aránṣọ ti ń sọ fún oníbàárà pé ẹni tó bá fẹ́ wọṣọ tuntun lọ́jọ́ Kérésì, kó tètè mú un wá. Àwọn aládìẹ, àwọn onírẹsì, àwọn olóróró, kálukú ti ń ṣírò iye tóun máa kó.

Inú wa dùn sí i. Oṣù méjì tó kẹ́yìn ọdún la fi ń gbé ọdún tuntun dúró. Inú ẹ̀ ni owó ilé-ìwé oṣù kìn-ín-ní wà, inú ẹ̀ ni owó ṣọ́ọ̀bù wà, inú ẹ̀ la ti ń san gbèsè tí a jẹ nígbà òjò tí ọjà ò yá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kó ọjà ju agbára wa lọ lásìkò yìí. Ìdí nìyẹn náà tí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí ò fi ṣeé fi falẹ̀.

Ọyẹ́ tó ń mú ọjà àwọn onísúwẹ́tà yá, òun náà ni ọ̀rẹ́ iná. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà lókè lọ́hùn-ún ló ti ń fẹ́ wá. Bó bá ti dé, á fa omi inú gbogbo nǹkan mu. Pákó tí a fi kan ìsọ̀, páálí, àpò, aṣọ, koríko ẹ̀yìn ọjà, gbogbo ẹ̀ á gbẹ. Iná tí ìbá kú fúnra ẹ̀ nínú oṣù keje, bó bá ṣẹ́ lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ á gbé e láti ìsọ̀ kan dé ìkejì kí ẹnikẹ́ni tó pariwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé Alímọ̀ṣọ́ tipẹ́ ò ní gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006. Ọjọ́ kejì Kérésì ni. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, nínú Alímọ̀ṣọ́ wa níbí, àwọn kan lu páìpù epo bẹntiróò lóru, àwọn èèyàn gbé kẹ́ẹ̀gì àti bàsíà lọ gbọ́n epo, iná sì ṣẹ́. Èèyàn tó lé ní igba (200) ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 2012, ilé kan tí wọ́n kó bángà ọdún pa mọ́ sí ní Jankárà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bú gbàmù, iná sì ràn mọ́ àwọn ilé tó yí i ká. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 2019, iná jó ní ọjà Balógun; kò pé oṣù mẹ́ta, ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní 2020, iná tún ṣẹ́ ní Balógun kan náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 2020, ilé gáàsì kan bú gbàmù ní Barúwà, ní Ìpájà, ẹ̀mí lọ, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná.

Ẹ wo àwọn oṣù yẹn dáadáa: oṣù kẹwàá, oṣù kọkànlá, oṣù kejìlá, oṣù kìn-ín-ní. Àsìkò tí a fẹ́ wọ̀ yìí gan-an ni. Ohun tó dá iná kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọjà kún, tí epo pọ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ gbẹ, ìgbà yẹn ni iná ń wá ẹni tó ti fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ṣé a ti fi àyè sílẹ̀ fún un? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa tí à ń kọ ìwé yìí rìn yí díẹ̀ lára àwọn ọjà wa ká. A ò ní dárúkọ ọjà, a ò sì ní dárúkọ ẹnì kankan, torí ohun tí a rí níbì kan náà la rí níbòmíràn. A rí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, kẹ́ẹ̀gì epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n fi dí i lẹ́nu torí ìdérí ẹ̀ ti sọnù. A rí wáyà kan ṣoṣo tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ń fa iná lára ẹ̀. A rí ẹni tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ibi tí wọ́n to páálí sí. Ṣùgbọ́n ohun tó bà wá lẹ́rù jù ni ọ̀nà. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè wọ inú ọjà, ẹni méjì ò lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má fẹ̀gbẹ́ rìn. Àga àti tábìlì wà lápá ọ̀tún, àpò ìrẹsì wà lápá òsì, lókè ńkọ́, tapólì ni wọ́n so láti ìsọ̀ kan sí ìkejì. Bí panápaná bá dé, ibo ni kí wọ́n gbà?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Kì í ṣe àwọn alátẹ ló dí ọ̀nà yẹn. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù la kọ́kọ́ gbé ọjà jáde. A gba ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, a wá ń lo mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù gbé tiẹ̀ jáde ni alátẹ rí i pé òun náà lè jókòó síwájú ẹ̀. Kódà, àwọn kan nínú wa ń gbowó lọ́wọ́ alátẹ kó tó lè jókòó síbẹ̀. Ojú ọ̀nà ìjọba la wá ń gbowó ilé lé lórí. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, “Bí mo bá gbé ọjà mi wọlé, tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò gbé tiẹ̀, ta ló máa rí mi?” Òótọ́ lẹ sọ. Ọjà tójú ò rí, ẹnikẹ́ni ò ní yà síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló gbé tiẹ̀ wọlé, òun nìkan ló máa pàdánù. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìlà bá gbé tiwọn wọlé lọ́jọ́ kan náà, ojú oníbàárà á rí gbogbo wa bákan náà. Ohun tẹ́nì kan ò lè dá ṣe, òun la ṣe ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nínú oṣù kejìlá ọdún 1940, nígbà tí ìjọba òyìnbó ní kí àwọn obìnrin Èkó tó ń rí £50 lọ́dún máa san owó-orí, Alímọ́tù Pẹlẹ́wúrà àtàwọn obìnrin ọjà para pọ̀ lọ bá wọn, títí ìjọba fi gbé e dé orí £200. Bí ìyá kan ṣoṣo bá lọ, ta ni ì bá dá a lóhùn? Bí àwọn yẹn bá lè fi ìṣọ̀kan yí òyìnbó lọ́kàn padà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kò yẹ kó ṣòro fún wa láti fà sẹ́yìn.

Àwọn mìíràn á ní, “Ọjà mi ni, bó bá jó, èmi ni mo jó.” Rárá o. Ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lóṣù kejìlá, mélòó nínú ẹ̀ ló jẹ́ ti ẹni tó ń tà á? Apá kan jẹ́ àwìn tí wọ́n gbé fún un ní Ìdúmọ̀tà. Apá kan jẹ́ owó àjẹṣẹ́kù tí èèyàn mẹ́ta dúró fún un kó tó rí gbà. Apá kan jẹ́ àjọ tó kó ṣáájú àwọn tó kù. Bí ìsọ̀ kan bá jó, àwọn onídùúró ti jó, àwọn tí ò tíì kó àjọ náà ti jó. Ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, bí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kó tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá, kí ìlà kọ̀ọ̀kan pàdé, kí wọ́n mú ọjọ́ kan, kí gbogbo wọn fa ọjà wọn sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì tú tapólì tó gba orí ọ̀nà kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ̀ẹ́ kí epo sun inú ṣọ́ọ̀bù mọ́. A mọ̀ pé epo ti wọ́n gan-an láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, èèyàn á sì fẹ́ rà pa mọ́. Ṣùgbọ́n oru epo bẹntiróò máa ń rà nílẹ̀, ojú ò sì lè rí i. Ó lè lọ bá iná níbi tí ẹ ò fọkàn sí. Kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kó tutù, kí ẹ tó bu epo sí i. Bí ẹ bá ń ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ẹ pa gbogbo iná, ẹ yọ wáyà fáànù àti áyọ́ọ̀nù kúrò lára ògiri, torí NEPA lè mú iná dé láàárín òru pẹ̀lú agbára tí wáyà ò ní lè gbé. Kí àwọn tó ń dáná nínú ọjà wà papọ̀ níbì kan, kí ike iyanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó bá sì kó bángà wá sínú ọjà, ẹ má ṣojú àánú, kó gbé e jáde.

Ẹgbẹ́ náà ní tiẹ̀ láti ṣe, a ò sì yọ ara wa sílẹ̀. Kí wọ́n ka iye owó tó wà lápò ẹgbẹ́ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí a kọ́kọ́ yọ owó ike iyanrìn, ẹ̀rọ ìpaná àti owó ọdẹ ọjà, ká tó wá sọ̀rọ̀ ankò àti ìrẹsì àríyá ìparí ọdún. A fẹ́ràn ankò, àwa náà á wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ankò ò ní wù wá wọ̀ bí ọjà bá jó.

Ní ti àwọn alátẹ, a ò sọ pé kí ẹ lé wọn o. Ìyá tó ń fi àtẹ ta ẹ̀fọ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn olórí ọjà kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí, kí wọ́n fi hàn wọ́n, ká tó ní kí wọ́n dìde. Kí ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn sì jáwọ́ ńbẹ̀.

Bí iná bá wá ṣẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ pe 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ orúkọ ọjà, ẹ sọ ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọn. Ẹ má da omi sórí iná epo tàbí iná mànàmáná, iyanrìn ni kí ẹ dà sí i. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná, ẹ ti orí sìlíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má padà wọlé torí ọjà. Kí àwọn ọmọ wa má sì lu panápaná torí pé wọ́n pẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́ oṣù kejìlá, ní orí-ta Ìkòtún, lójú ọ̀nà Ìgàndó, láti Ẹgbẹ́dá dé Akówónjò. Kí wọ́n tó já a gbà, ọwọ́ wa ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ wà. Bí wọ́n bá sì já a gbà tán, kí ó má jẹ́ tábìlì wa ni wọ́n máa bá lójú ọ̀nà.

Ọdún á yabo. Ọjà tí a kó ò ní jó wa lọ́wọ́, a ò ní fi ẹkún parí ọdún. A ó tà, a ó jèrè, ẹnu ló máa fi jẹ. Lágbára Ọlọ́run, gbogbo wa la máa pé jọ lọ́dún tó ń bọ̀. Àṣẹ.