Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Pe Fáìlì Lórúkọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti Gánà wá, ẹ̀yin ará Tógò àti Benin, àti ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tí a jọ ń kọ́ JavaScript nínú yàrá kọ̀ǹpútà wa, ọ̀rọ̀ kan ti ń fa àríyànjiyàn láàrin wa láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, n ó sì sọ èrò tèmi sí i láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ iṣẹ́ tí ó tóbi díẹ̀ mọ̀ pé a kì í kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Fáìlì kéékèèké tí a ń pè ní module ni a ń pín in sí, èyí tí ó bá sì nílò òmíràn yóò fi import pè é lórúkọ. Láti 2015 ni import ti wà nínú òfin èdè náà. Kí ó tó dé, require ni àwọn tí ń lo Node.js ń fi ṣiṣẹ́ láti 2009. Orúkọ pípè yìí ló sú àwọn kan nínú wa. Wọ́n ní kí ló dé tí a ó fi máa kọ ogójì ìlà sórí fáìlì kan, nígbà tí ìlà mẹ́rin lè wo inú fódà, kí ó ka gbogbo fáìlì tí ó bá níbẹ̀, kí ó sì kó wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú Node, readdir ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn tí ń lo Vite ní import.meta.glob. Ó dùn ún wò, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn, àfi ní ibì kan tí n ó dárúkọ láìpẹ́.

Ta ni nínú wa tí yóò wọ kíláàsì ní òwúrọ̀, tí yóò kàn ka iye orí tí ó bá lórí ìjókòó, tí yóò wá kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé gbogbo ọmọ pé? Ọmọ tí kò wá kò ní hàn. Ọmọ kíláàsì kejì tí ó ṣèèṣì yà wọlé yóò di ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti fódà. Fáìlì tí ẹnìkan fi dán nǹkan wò tí ó sì gbàgbé síbẹ̀ yóò wọlé, yóò sì ṣiṣẹ́. Èyí tí ó sọnù kò ní fa ariwo, nítorí kò sí ẹni tí ó pè é tí yóò fi mọ̀ pé kò dáhùn. Ẹ sì wo ti ìtẹ̀léra: bí a bá to orúkọ bí lẹ́tà ṣe ń tò, 10.js ni yóò ṣáájú 2.js.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti ẹni tí yóò jogún iṣẹ́ náà. Olùkọ́ kì í pẹ́ lójú kan. A ó gbé e lọ sí ibòmíràn, ẹlòmíràn a sì gba ipò rẹ̀. Àwọn tí ó ṣáájú wa fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ìṣirò máàkì. Ọ̀kan nínú wa rí fáìlì kan níbẹ̀, ó wá orúkọ rẹ̀ káàkiri inú iṣẹ́ náà, kò rí ibi tí a ti pè é. Ó ní kò wúlò mọ́, ó sì pa á rẹ́. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ọjọ́ tí a fẹ́ tẹ èsì jáde ni a tó rí i pé máàkì iṣẹ́ ọwọ́ kò sí nínú àròpọ̀ ẹnikẹ́ni. N kò dá ẹni náà lẹ́bi rárá. Ó wá a, kò rí i. Kí ni kí ó tún ṣe?

Kì í sì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó ń ka orúkọ wọ̀nyí. Irinṣẹ́ bí Rollup àti webpack a máa wo ìlà import kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọn a sì lè yọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò kúrò. Bí a bá di gbogbo fódà pọ̀ sọ́nà, ẹrù náà yóò balẹ̀ sórí fóònù ọmọ ilé-ìwé tí ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà. Ryan Dahl fúnra rẹ̀, ẹni tí ó dá Node.js sílẹ̀, sọ ní Berlin ní 2018 pé òun kábàámọ̀ pé òun gbà kí require máa pe fáìlì láìkọ .js sí ìdí rẹ̀. Bí ìgékúrú kékeré bẹ́ẹ̀ bá dun ẹni tí ó ṣe é, kí ni ká ti wí nípa ti gbogbo fódà?

Ibi tí mo yọ sílẹ̀ ni fódà “ede” nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ tí a ń kọ lọ́wọ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fáìlì kan ni fún èdè kan: yo.js fún Yorùbá, ha.js fún Haúsá, tw.js fún Twi, fr.js fún Faransé. Bákan náà ni gbogbo wọn rí, kò sí èyí tí ń dúró de èkejì, ẹni tí ó bá sì mú èdè rẹ̀ wá kò ní fọwọ́ kan fáìlì àgbà tí ẹlòmíràn ń tún ṣe lọ́wọ́. Níbẹ̀, kíkó wọlé lápapọ̀ bá iṣẹ́ mu. Kìkì ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ó yẹ fáìlì kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ní ohun tí ó yẹ kí ó ní, kí ó kọ èyí tí kò ní in sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo, kí ó sì tẹ orúkọ gbogbo àwọn tí ó gbà wọlé síta kí a lè rí wọn.

Èdè Éwé kò tíì sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Tógò àti ti Gánà, ee.js ni kí ẹ pe fáìlì náà.