Fèrè Kọ́ Ni Àríwísí

Àṣẹ Napoleon Kẹta ló gbé Tannhäuser, ọ́pẹ́rà Wagner, dé gbọ̀ngàn Opéra ní Paris lóṣù Kẹta 1861. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú ẹgbẹ́ Jockey Club kì í dé àfi tí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, ìpín kejì ni ijó sì gbọ́dọ̀ wà. Wagner kọ̀, ìpín kìíní ló fi tirẹ̀ sí. Ni wọ́n bá ń fọn fèrè lé àwọn akọrin lórí. (Olólùfẹ́ àwọn kan wà lára oníjó, ká má purọ́.) Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ṣe é kí Wagner tó kó eré rẹ̀ kúrò. Lójú tiwa, jàgídíjàgan nìyẹn. Baudelaire akéwì fara balẹ̀ gbọ́ orin náà, ó sì kọ ohun tó gbọ́. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ la ṣì ń kà.