Ẹ Jẹ́ Kí Ìtọ́jú Bá Àwọn Àgbà Nílé

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò fi iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀ ni a ti kọ ọ́ pé àwọn ni yóò máa dá ilẹ̀ ìsìnkú sílẹ̀, tí wọn yóò sì máa bójú tó o. Gbólóhùn kan náà ni ó fi kún un pé àwọn ni yóò máa dá ilé sílẹ̀ fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera. Àfikún yìí tún ní kí wọ́n bá ìjọba ìpínlẹ̀ pín nínú iṣẹ́ ìlera. A wá ń bi ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Òrè àti Odígbó pé: nínú ilẹ̀ ìsìnkú àti ilé aláìlera, èwo ni ojú yín ń rí?

Kì í ṣe pé a fẹ́ kí ìjọba kọ́ ilé ńlá kí a sì kó àwọn òbí wa dà sí i. Ẹni tí kò ní ọmọ, tí kò ní ẹbí, ni irú ilé bẹ́ẹ̀ yẹ fún. Ní ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá, ilé ẹbí ni ilé arúgbó. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, a ní láti gbà pẹ̀lú pé ibẹ̀ ni ìtọ́jú gbọ́dọ̀ dé.

Ẹ wo bí ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ti fẹ̀ tó. Òrè, olú-ìlú rẹ̀, wà lójú ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Benin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bá títì ni gbogbo ènìyàn ń gbé. Àwọn tí ìkànìyàn 2006 kà níbẹ̀ lé ní 230,000, wọ́n sì fọ́n ká dé Ajue, Araromi-Obu, Onípàràgà, Agbábù àti ọ̀pọ̀ abúlé oko kòkó. Arúgbó tí orúnkún ń dùn ní abúlé ní láti gun ọ̀kadà kí ó tó dé ibi tí nọ́ọ̀sì wà. Ọmọ tí yóò sìn ín lọ yóò pa iṣẹ́ oòjọ́ tì. Nítorí náà ni ìyá àgbà fi ń sọ pé ara òun le, títí àìsàn yóò fi gbé e dálẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó ní i lè máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó máa rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ yóò dá a dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ń ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́ láìpariwo. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ru sí. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka sì tó láti mọ iye ṣúgà inú rẹ̀. Irinṣẹ́ méjèèjì kò kún àpò ìfàlọ́wọ́. Ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pé jọ ní Alma-Ata, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ìtọ́jú ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ súnmọ́ ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò mọ bí a ti ń ṣe é. Ní 2009, nígbà ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, a bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. A pín àwọn aboyún fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, a fún wọn ní fóònù tí wọn yóò fi máa pè wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ náà a sì máa tọ̀ wọ́n lọ sílé. Ohun tí a ṣe fún ẹni tí ń mú ọmọ bọ̀ wá sáyé, a lè ṣe é fún ẹni tí ó ti tọ́ ọmọ dàgbà.

Owó ńkọ́? Òfin Ìlera ti 2014 ya, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó tí ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó yẹ kí a ràn lọ́wọ́, ó sì ka àwọn arúgbó mọ́ wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Òfin kò wọ́n wa. Ẹni tí yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà arúgbó ni ó wọ́n.

Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Èkíní, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti pé ọdún 65 sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi wọ́n sínú ètò adójútòfò ìlera. Èkejì, kí òṣìṣẹ́ ìlera ní ọjọ́ kan pàtó lóṣooṣù tí yóò máa wọ ilé dé ilé, títí kan ilé ìtọ́jú arúgbó tí ìjọ tàbí aládàáni bá dá sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a fún un ní owó ọkọ̀ àti oògùn tí yóò gbé lọ. Nítorí òṣìṣẹ́ tí ó bá lọ ní ọwọ́ òfìfo, ìkíni lásán ni ó lọ kí aláìsàn.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ọmọ ni èyí, pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òtítọ́ ni. Ọmọ lè gún iyán fún ìyá rẹ̀, ó sì lè pọn omi ìwẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwa tí a ń yáwó pa màlúù, tí a ń dá aṣọ ẹbí nígbà tí arúgbó bá kú, ó yẹ kí ojú tì wá bí ó bá jẹ́ pé oògùn ni a kò rí rà fún un nígbà ayé rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a kọ́kọ́ ń ké sí. Ẹ mọ ilé àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́, ẹ sì mọ èyí tí ìyá àgbà wà nínú wọn. Ẹ ran wọ́ọ̀dù yín lọ́wọ́ láti kọ orúkọ wọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, tí ẹ mọ bí a ti ń fi ọkọ̀ gbé arúgbó lọ síbi ìdìbò, ẹ bi kánsẹ́lọ̀ yín léèrè ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera yóò dé. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti lé ní ẹni ọdún 75 lónìí. Ìjọba ìgbà náà mú ilé-ìwé súnmọ́ ọn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ì tíì lè rìn jìnnà. Ẹsẹ̀ náà kò lè rìn jìnnà mọ́ báyìí. Ó tó àkókò kí ìtọ́jú tọ̀ ọ́ lọ.