Tọ́ọ̀nù Kò Mọ Akọ, Kò Mọ Abo

"Ṣé kò sí ẹni tó máa dáná nílé yín ni?" Ìbéèrè tí dẹ́rẹ́bà kan jù sí obìnrin tó ń wa dánfó nìyẹn lọ́sẹ̀ yìí ní Gáréèjì Ìkòròdú. Obìnrin náà ti wà lórí ìlà kí ọkùnrin yìí tó dé, tọ́ọ̀nù rẹ̀ ló sì kàn. Ọkùnrin náà kò sọ pé obìnrin yìí kò mọ ọkọ̀ wà. Kò sọ pé kò san owó gáréèjì. Oúnjẹ alẹ́ ló gbé wá sórí ìlà ọkọ̀.

Àwọn tó ń ka ojú ìwé yìí déédéé ti mọ ìjà tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ń bá àwọn tó ń já ìlà jà, ní báńkì, nílé epo, nídìí omi ẹ̀rọ. Ẹni tó dé kẹ́yìn, ẹ̀yìn ni kó tò sí! Ohun mẹ́ta ni òǹkọ̀wé yìí fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: owó, agbára, àti ojú tí àwọn èrò ọkọ̀ fi ń wo obìnrin tó ń wakọ̀.

Owó ló ṣáájú. Ẹ wo gáréèjì yẹn ní ìdájí. Obìnrin ló ń din àkàrà, obìnrin ló ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà, obìnrin ló gbé omi inú ọ̀rá lérí. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í délé títí ilẹ̀ á fi ṣú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ẹni tó ń dáná. Ìgbà tí obìnrin bá di sìtíárì mú, tó ń du èrò kan náà àti owó kan náà pẹ̀lú ọkùnrin, ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń rántí ọmọ tó wà nílé. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́ rárá. Owó tó fẹ́ bá wọn pín ló ń bí wọn nínú.

Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó máa dáná ni, ìyá òǹkọ̀wé yìí ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí obìnrin ti pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà. Bí ẹja bá pẹ́ kó tó ti orí omi dé, ìyá á pẹ́ kó tó wálé. Bàbá á gbé omi kaná, á ro ẹ̀bà, á sì gbé ọbẹ̀ àná kaná. Àwọn ọmọ á yó, wọ́n á sùn. Kò sí ọjọ́ kan tí bàbá fi èyí ṣàròyé.

Agbára ló yẹ kó kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó yìí kò tíì tán. Obìnrin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òwò ọkọ̀: ní 1913 ni Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá ti dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Àǹfààní sílẹ̀ l'Ékòó, tó ń fi bọ́ọ̀sì, lọ́rì àti takisí ṣòwò. Lóde òní, bọ́ọ̀sì ńlá BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS ní March 2008, ó sì dé Ìkòròdú ní November 2015. Obìnrin wà lára àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì ńlá wọ̀nyẹn. Ilé-iṣẹ́ ló gbà wọ́n síṣẹ́, káàdì Cowry ni èrò fi ń sanwó, kò sì sẹ́ni tó ń já èrò gbà lọ́wọ́ wọn. Nídìí dánfó, níbi tí kálukú ti ń wá owó tó máa fi jíṣẹ́ fún olówó ọkọ̀, níbẹ̀ ni èébú pọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ owó yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ní London, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, obìnrin di kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì nítorí pé ọkùnrin ti lọ sójú ogun. Ní August 1918, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ torí àfikún owó tí wọ́n fún ọkùnrin tí wọn kò fún wọn. Ogun parí, ọkùnrin padà dé, wọ́n ní kí obìnrin máa lọ. Ó di 1974 kí Jill Viner tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bọ́ọ̀sì London.

Àwọn kan á ní ẹ̀bi kì í ṣe ti ọkùnrin, pé obìnrin fúnra wọn ló ń bá ara wọn jà. Ní gáréèjì, ọkùnrin ń wọ́ ara wọn lẹ́wù lójoojúmọ́ nítorí èrò kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ló dé tí ìjà obìnrin méjì fi ń di ẹ̀sùn sí gbogbo obìnrin?

Abala 42 nínú ìwé òfin 1999 kọ̀ kí òfin tàbí ìjọba rẹ́ ọmọ Nàìjíríà jẹ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Kò yẹ kí gáréèjì ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀yin alága gáréèjì, ẹ kọ tọ́ọ̀nù sára pátákó níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Ẹni tó bá já ìlà, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin, kó pàdánù tọ́ọ̀nù rẹ̀ fún odidi ọjọ́ náà. Ti agbára àti ti èrò ọkọ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pátákó yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé dúró.