Ẹ Wo Ẹ̀gbẹ́ Táyà Kí Ẹ Tó Ra Kẹ̀kẹ́ Fọ́mọ

Bí ìwọlé ilé-ìwé bá ti ń súnmọ́ tòsí, àwọn òbí a máa bi àwa olùkọ́ léèrè irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n lè rà fún ọmọ tó ń ti abúlé wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Bétérou. Ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ́ràn ọ̀kan tẹ́lẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ohun tí a máa ń sọ fún wọn kò pọ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Lágbègbè Tchaourou wa níbí, 26 àti 28 ni ọjà mọ̀. 26 ni ti kẹ̀kẹ́ táyà nínípọn tí à ń pè ní VTT. 28 ni ti kẹ̀kẹ́ dúdú gíga tí àwọn bàbá wa fi ń ru iṣu àti èédú. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń ti Yúróòpù wọlé báyìí, a ti ń rí 27.5 àti 29. A ò ní purọ́ mọ́ wọn o: ẹsẹ̀ ńlá máa ń gba orí kòtò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ ju ẹsẹ̀ kékeré lọ. Ẹ jẹ́ kí òkúta ojú ọ̀nà pupa wa ya táyà náà lọ́jọ́ kan ná, kí ẹ tó mọ iye tí ẹ ra kẹ̀kẹ́ yẹn gan-an.

A mọ ilé kan tí 27.5 kan ti wà lára ògiri láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló bàjẹ́. Wọ́n wá a títí dé ọjà Arzèkè ní Parakou, wọn ò rí i. Ọmọ náà padà sí fífẹsẹ̀ rìn, ó ń pẹ́ dé kíláàsì, ó ń sùn lórí tábìlì. Nígbà tí iṣẹ́ oko wá pọ̀, bàbá rẹ̀ ní kó kúkú jókòó.

Àwọn òyìnbó tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìnrìn-àjò ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń gba Íńdíà tàbí Indonesia kọjá, ti ro ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 26 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yàn, bẹ́ẹ̀ owó wọn ká èyí tó bá wù wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé táyà rẹ̀ kì í wọ́n ní ìletò. Àwọn ọ̀pá tínrín inú ẹsẹ̀ 26 sì kúrú, ìyẹn ló jẹ́ kó le, kó lè gba ẹrù. Ẹni tó bá ń tọ́ka sí àwọn tó ń sáré Tour du Bénin lórí táyà tẹ́ẹ́rẹ́, kó rántí pé ọkọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ àpààrọ̀ ń tẹ̀ lé wọn. Ta ló ń tẹ̀ lé ọmọ tiyín?

Ẹ̀tàn wà nínú nọ́ńbà náà o. Kẹ̀kẹ́ dúdú àtijọ́ ń lo 635; èyí tí àwọn Faransé ń pè ní 700C ń lo 622. Oníṣòwò lè pe méjèèjì ní 28. Mìlímítà 13 péré ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ táyà ọ̀kan kò ní bá èkejì mu láéláé. 26 náà ju ẹyọ kan lọ: ti VTT jẹ́ 559, ti àwọn kẹ̀kẹ́ ìgboro àtijọ́ kan jẹ́ 590. Nítorí náà, ẹ wá nọ́ńbà tó dà bíi 50-559. Ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà, ìkejì ni ìwọ̀n ibi tó ti jókòó sórí irin. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín kí ẹ tó wọjà. Ẹ wo ẹnu ibi tí a ti ń fún un ní afẹ́fẹ́ pẹ̀lú: tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Presta kì í gba ẹnu pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fún alùpùpù.

Àwọn kan ń sọ pé bí a bá ń ra 29, ọjà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó táyà rẹ̀ wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò ni kó kọ́kọ́ fi owó tirẹ̀ dán an wò, kì í ṣe ìyá tó ta gààrí kó tó rówó kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tiyín ná, táyà kan àti rọ́bà inú méjì ni kí ẹ tètè wá pa mọ́, nígbà tí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ṣì dára.